Iná Tó Ń Kọ̀wé

Àwa mẹ́ta la jọ kọ ìtàn yìí. Ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, àwọn méjì tó kù jókòó tì í, wọ́n ń sọ pé, “Rárá o, kì í ṣe báyẹn ló ṣe ṣẹlẹ̀.” Ọmọ-ọmọ ìyá àgbà kan náà ni wá, Ìparà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ la sì dàgbà sí. Ẹni tí iná náà jó lójú wà láàárín wa, ṣùgbọ́n a ti jọ ṣàdéhùn pé a ò ní sọ ẹni tó jẹ́. “Ọ̀kan nínú wa” la ó máa pè é.

Ọdún 2020 ni, ìgbà kónílé-ó-gbélé. Wọ́n ti ti ilé ìwé pa láti oṣù Kẹta. Àwọn ọkọ̀ tó máa ń lọ sí Ìsarà àti Ṣàgámù ò fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́, ìlú wá dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí dátà, kò sí bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn Màmá, ní ká wá bá òun kó ṣọ́ọ̀bù òun jáde, kí òun lè fi ibẹ̀ rẹ́ǹtì fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á mọ irú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ibẹ̀ la ti ń bọ́ọ̀nù síìdì. Fíìmù àgbéléwò kọ́kọ́ wà nínú káṣẹ́ẹ̀tì fídíò, inú káṣẹ́ẹ̀tì ni Living in Bondage ti jáde ní 1992. Nígbà tó yá, díìsì gba ipò káṣẹ́ẹ̀tì. Bọ̀ọ̀dá á ra ẹyọ kan, á gbé e sínú ẹ̀rọ gogoro kan tí ojú ìkọ DVD méje tò lé ara wọn nínú rẹ̀, kó tó jẹun tán, ẹyọ kan ti di méje. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀dà tí kò gbàṣẹ ni. Àwọn tó ṣe fíìmù náà ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mọ̀, àwa náà mọ̀. Nígbà tí mẹ́mórì káàdì àti fóònù dé, ọjà náà kú pátápátá, ó sì ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

Bí a ṣe ń gbọn eruku ara ẹ̀rọ gogoro yẹn, ọ̀kan nínú wa béèrè pé, “Bọ̀ọ̀dá, kí ló ń kọ fíìmù sínú síìdì gan-an? Ṣé abẹ́rẹ́ wà nínú ẹ̀ ni?”

“Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Iná ni,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. “Iná ló ń kọ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

A wá a kà lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nínú díìsì òfìfo, aró tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín ike, gẹ́gẹ́ bí aró ṣe ń wà lára àdìrẹ. Iná kan tó ń jẹ́ lésà á wá máa jó àmì sára aró náà, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ìlà DVD tín-ín-rín débi pé orí ìbú irun orí kan ṣoṣo lè gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún wọn. Bí wọ́n ṣe ń rí gígábáìtì 4.7 kó sínú ike pẹlẹbẹ nìyẹn. Iná tó ń ka díìsì kò lágbára púpọ̀. Iná tó ń kọ ọ́ ló lágbára, torí ó gbọ́dọ̀ jó nǹkan. Aró tó bá sì ti jó, ó ti jó náà nìyẹn. Àwọn díìsì tí wọ́n kọ RW sí lára nìkan ló ṣeé pa rẹ́, torí kì í ṣe aró ló wà nínú tiwọn, irin pàtàkì kan ni.

A tún kà pé lésà àkọ́kọ́ tàn ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, ọdún 1960, ní California. Theodore Maiman ló ṣe é, ó lo òkúta rúbì tó pọ́n. Ní 1962, Robert Hall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Electric ṣe irú èyí tó kéré gan-an. Irú ti 1962 yẹn ló bí èyí tó wà nínú ẹ̀rọ síìdì. Dáyóòdù lésà ni orúkọ rẹ̀, kò sì tóbi ju orí ìṣáná lọ. Nínú ẹ̀rọ tó ń kọ DVD, méjì ló máa ń wà: ọ̀kan pupa fún DVD, ìkejì fún síìdì lásán. Ti síìdì yẹn, ojú èèyàn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i rárá, ṣùgbọ́n iná ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àwọn kan ti ń tú dáyóòdù yìí jáde, wọ́n ń fi ṣe lésà tiwọn nílé. A wòran wọn, ọkàn wa sì fà sí i. Bọ̀ọ̀dá gan-an tún wá dá epo sí iná náà. Ó sọ fún wa nípa ọmọ Tógò kan, Afate Gnikou, tó jẹ́ pé ní 2013, ní Lomé, ní ibi tí wọ́n ń pè ní WoeLab, ó fi ara sìkánà àti kọ̀ǹpútà tó ti kú ṣe ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike, tó ń fi í mọ nǹkan ní ipele-ipele. “Ohun táwọn òyìnbó ń rà lówó gọbọi, orí ààtàn ló ti kó tiẹ̀ jọ,” ni Bọ̀ọ̀dá wí. Ààtàn ò sì wọ́n wa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ ló ń gba ibẹ̀ wọ Nàìjíríà lọ́dún kan. Méje péré la ní. A rò pé wọ́n á tó wa.

Àkọ́kọ́ kú sí wa lọ́wọ́ kó tó tàn. Irin tí Bọ̀ọ̀dá fi ń jó lẹ́ẹ̀dì gbóná jù, ó yan dáyóòdù náà bí ẹ̀pà.

Ìkejì tàn. A so ó mọ́ bátìrì tààrà, ó tàn yanran, a pariwo, ìyá àgbà kígbe láti ìta pé kí ló dé. Kó tó di pé a dá a lóhùn, ó ti di iná kékeré bíi ti ara rédíò. Ẹ̀yìn náà la mọ̀ pé bí dáyóòdù lésà bá ṣe ń gbóná ló ń mu iná sí i, bó bá sì ṣe ń mu iná sí i ló ń gbóná. Bí èèyàn ò bá bá a wọn oúnjẹ rẹ̀, á jẹun kú ni.

Ìkẹta, a ò tíì mọ ohun tó pa á dòní. Ọ̀kan nínú wa wọ aṣọ náílọ́ọ̀nù lọ́jọ́ náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ iná tó máa ń ta pàrà lára irú aṣọ yẹn ni.

Ìgbà yẹn la tó fara balẹ̀. Bọ̀ọ̀dá tú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kékeré kan lára bọ́ọ̀dù àtijọ́, LM317 la kọ sí i lára. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó máa bu iná fún dáyóòdù níwọ̀n. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ẹ fi nọ́ńbà rẹsísítọ̀ pín 1.25, iye tó bá jáde ni iná tó máa kọjá. Rẹsísítọ̀ 5 la lò, ìdá mẹ́rin áńpíà ló jáde. Bátìrì méjì la yọ nínú bátìrì láàpútọ́ọ̀pù tó ti kú. A kan dáyóòdù náà mọ́ inú irin aluminiọ́ọ̀mù kó má baà gbóná, a yọ léńsì lára tọ́ọ̀ṣì lésà kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, a fi síwájú ẹ̀.

Ó tàn. Alẹ́ ni, NEPA ti múná lọ. Lára ògiri, ààmì pupa kan jókòó tí ojú ò gbà. Ọ̀kan nínú wa gbé kọ́ìlì ẹ̀fọn sábẹ́ rẹ̀, èéfín gòkè, gbogbo ìlà iná náà sì yọ síta lójijì, gbọọrọ láti ọwọ́ wa dé ara ògiri, bí okùn tí wọ́n fà le. Ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó kú ni, tó ti wà nínú eruku fún bí ọdún mẹ́rin. Ọwọ́ wa ló jí i.

Ní ọjọ́ kejì, a fi bẹ́ bàlúùnù dúdú. Funfun kọ̀, kò bẹ́. A fi bíírò kun orí ìṣáná dúdú, ó gbiná. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló fẹ́ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé. Bọ̀ọ̀dá ní ká máa ṣọ́ra. A ní à ń ṣọ́ra. Ìṣọ́ra tiwa ni dígí òòrùn dúdú kan ṣoṣo tí Bọ̀ọ̀dá máa ń wọ̀ lọ òde, tá a wá ń pín wọ̀. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Màmá máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa obì. Obì gbànja ni Màmá ti ń tà láti kékeré, wọ́n sì mọ̀ ọ́n débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á. Ọwọ́ gan-an ni, kì í ṣe ojú, torí ojú Màmá ti ń lọ. Ẹyin ojú wọn ti funfun bí omi ìrẹsì. Wọ́n á mú obì kan, wọ́n á fi àtàǹpàkò yí i ká, bí ihò kòkòrò bá wà lára rẹ̀, wọ́n á jù ú sápá kan. Ọwọ́ wọn kì í ṣì í.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, Màmá pè wá. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ pe orúkọ iná yẹn?”

“Lésà ni, Màmá.”

“Lésà.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Mo gbọ́ lórí rédíò pé lésà ni wọ́n fi ń tún ojú ṣe nísinsìnyí. Ṣé òun náà ni?”

A wo ara wa. A lè sọ pé a ò mọ̀, ṣùgbọ́n orí wa ti wú. Ọ̀kan nínú wa sọ pé, “Irú kan náà ni, Màmá.”

“Ẹ tàn án sí mi lójú kí n wò ó. Bóyá màá rí i.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wá ṣẹ̀sín. Wákàtí tá a kọ ìlà yìí, a kọ́kọ́ pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òtítọ́ ni pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ pé rárá. A gbé e wá. A tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, torí gbogbo ọ̀sán la ti fi ń bẹ́ bàlúùnù, iná náà kàn pọ́n fírífírí, ó sì kú. Màmá rẹ́rìn-ín. “Ó ti sùn,” ni wọ́n wí. A ní, “Tó bá di ọ̀la, Màmá, a ó ti gba iná sí i.”

Ọ̀la yẹn ló jó ọ̀kan nínú wa.

A gba iná sínú bátìrì níbi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. A fẹ́ fi lésà jó orúkọ Màmá sára pákó kan, kó jẹ́ ẹ̀bùn. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀kan nínú wa bọ́ dígí òòrùn yẹn sílẹ̀, ó ní òun ò rí pákó. Lésà yọ̀ lórí tábìlì. Iná náà yí, ó gba ara ògiri, ó ba ọmọrí ìkòkò irin kan tó ń dán, tó fi ara ti ògiri, ó sì ta padà.

Kò dun ún. Ohun tó ń dẹ́rù bà wá jù dòní nìyẹn. Kò pariwo, kò ṣubú. Ó kàn ní, “Háà, mo rí pupa.” A rẹ́rìn-ín. A rò pé ó dà bí ìgbà téèyàn bá wo oòrùn, tójú á ṣú díẹ̀, tí á sì padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìwé, ó ní lẹ́tà kan sọnù ní àárín ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó wo èkejì wa. Ó ní, “Mo rí etí ẹ méjèèjì. Mi ò rí imú ẹ.”

Bọ̀ọ̀dá ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù, lẹ́yìn tó ti bẹ àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà títí. Dókítà wo ẹ̀yìn ojú náà, ó béèrè ohun tá a wò. A ṣàlàyé. Dókítà gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ń wò wá.

Àlàyé tó ṣe fún wa nìyí. Lésà inú ẹ̀rọ DVD ní léńsì níwájú ẹ̀. Iṣẹ́ léńsì yẹn ni pé kó kó gbogbo iná jọ sí ojú kan ṣoṣo, kékeré, kó lè jó aró. Ojú èèyàn náà ní léńsì, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe: ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan lára awọ tó wà lẹ́yìn inú ẹyinjú, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí. Bí lésà bá wọ ojú, ojú gan-an ló ń bá a sọ ara ẹ̀ di abẹ́rẹ́. Tọ́ọ̀ṣì lésà tí kò léwu púpọ̀ kì í ju mílíwáàtì kan lọ. Bí ìyẹn bá tàn síni lójú, èèyàn á ti ṣẹ́jú kó tó ṣe nǹkan kan, torí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá ni ìṣẹ́jú máa ń gbà. Tiwa tó nǹkan bí 200. Kò dúró de ìṣẹ́jú kankan. Dígí òòrùn lásán ò sì lè dí i lọ́nà.

“Oògùn ẹ̀ ńkọ́, Dókítà?” ni Bọ̀ọ̀dá béèrè.

Dókítà mi orí. Ó ní ọpọlọ lè kọ́ bí á ṣe máa wò gba ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó jó ti jó.

A rántí díìsì. A ò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rántí ẹ̀. Ojú èèyàn kì í ṣe RW.

Lẹ́yìn náà la kà pé Màmá ò purọ́. Ní 1961, ọdún kan péré lẹ́yìn tí lésà àkọ́kọ́ tàn, dókítà kan ní New York, Charles Campbell, fi lésà rúbì jó kókó kan ní ẹ̀yìn ojú aláìsàn. Títí dòní, wọ́n ń fi lésà jó ibi tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ojú àwọn alátọ̀gbẹ. Agbára tí wọ́n sì ń lò níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti inú ọwọ́ wa lórí tábìlì yẹn. Ìyàtọ̀ ni pé dókítà mọ ibi tó ń jó, ó sì mọ ìgbà tó máa pa á.

Bọ̀ọ̀dá fi pílíásì fọ́ dáyóòdù náà. Nígbà tá a délé, Màmá béèrè pé, “Lésà yín dà?” A ní ó ti bàjẹ́. Wọ́n ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́.” Lẹ́yìn ìyẹn, a ò sọ nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá ní ká má kó ìdààmú bá wọn. Kò sòro láti fi nǹkan pa mọ́ fún ẹni tí kò ríran.

Ní 2021, àwọn ọmọ Màmá da owó jọ, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú kan fún wọn. Léńsì inú ojú wọn ló ti ṣú. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi oníke sí i. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, Màmá wò wá ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, “Ẹ ti ga báyìí!” Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wo obì.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀kan nínú wa ń ka Bíbélì fún wọn láàárọ̀. Màmá dá a dúró. “Kí ló ṣe ọ́ lọ́rùn tó o fi ń wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́?”

“Kì í ṣe ọrùn, Màmá.”

Ọjọ́ yẹn la sọ gbogbo ẹ̀, àti ti alẹ́ ọjọ́ kẹta náà. Màmá ò bú wa. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, “Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ tàn án sí mi lójú. Kí ló dé tẹ́ ò tàn án?”

Ó rọrùn láti sọ pé ọgbọ́n ni. A ò lè purọ́ sí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. A ní, “Kì í ṣe ọgbọ́n wa, Màmá. Bátìrì ló kú.”

Wọ́n fa ẹni náà mọ́ra, wọ́n di orí rẹ̀ mú láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n fi àtàǹpàkò yí ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ ká, bí wọ́n ṣe máa ń wá ihò lára obì. Wọ́n wá ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ń tú ẹ̀rọ níbì kan báyìí.”

Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ará, a ò ní ká sọ pé kó o má tú u. Àwa náà ṣì ń tú ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú wa ti ń kọ́ṣẹ́ iná báyìí. Ṣùgbọ́n bó bá kan lésà, ra dígí tí wọ́n ṣe fún àwọ̀ iná yẹn gan-an kó o tó ra lẹ́ẹ̀dì. Kó gbogbo ohun tó ń dán kúrò níbẹ̀, títí dórí síbí. Tàn án sínú àpótí tó ní ìdérí, kì í ṣe sójú afẹ́fẹ́. Èyí tójú ò rí, ti síìdì, má tàn án rárá. Má sì jẹ́ kí ìyá àgbà ẹnikẹ́ni gbà ọ́ gbọ́ ju bó o ṣe mọ̀ lọ.

Ojú ìkọ mẹ́ta ṣì kù nínú ẹ̀rọ gogoro Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn, inú páálí. A ti ka ìtàn yìí sókè fún Màmá láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wa ló kà á, ó wọ́ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì fo lẹ́tà kankan.